Wáyà Pupa Ọ̀gá Mi

Títí di òní, bí òórùn tùràrí bá pàdé òórùn lẹ́ẹ̀dì gbígbóná, Inísà ni ọkàn mi máa ń lọ. O mọ bí lẹ́ẹ̀dì ṣe máa ń rùn nígbà tí a bá yọ́ ọ sí ẹnu wáyà, èéfín kékeré tó máa ń ta ènìyàn nímú yẹn. Nínú ṣọ́ọ̀ṣì Aládùúrà tí mo ń sọ yìí, ẹ̀gbẹ́ pẹpẹ ni a máa ń to ẹ̀rọ sí, nítorí náà èéfín tiwa àti èéfín tùràrí jọ máa ń gun òkè àjà ni. Sìmẹ́ǹtì dídán ni ilẹ̀ ibẹ̀, ó sì máa ń tutù lẹ́sẹ̀ láàárọ̀ bí omi inú àmù. Kò sẹ́ni tó ń wọ bàtà wọlé. Àti olùṣọ́, àti akọrin, àti àwa tí a ń mójú tó ẹ̀rọ, ẹsẹ̀ lásán ni gbogbo wa. Mo ń tẹnu mọ́ ọ̀rọ̀ ilẹ̀ yẹn nítorí pé ó ń ṣe iṣẹ́ kan níbẹ̀ tí èmi kò fura sí rárá.

Ọ̀gá mi ló ni iṣẹ́ ibẹ̀. Òkukù ni ilé àti ṣọ́ọ̀bù wọn wà, lọ́dọ̀ wọn ni mo sì ti kọ́ iṣẹ́ ẹ̀rọ ohùn kí n tó lọ sí polí, kí n tó wá ṣí ṣọ́ọ̀bù tèmi ní Ìkìrun. Síbẹ̀, bí wọ́n bá níṣẹ́ lọ́jọ́ Sátidé tàbí ọjọ́ Àìkú, mo máa ń lọ pàdé wọn ní Inísà, nítorí pé fírídọ̀mù kì í sọ ọmọ iṣẹ́ di ẹgbẹ́ ọ̀gá. Ọ̀gá mi kò mọ̀wé kà, wọn kì í sì í fi pamọ́. Àwọ̀ ni wọ́n fi ń dá nǹkan mọ̀. Wọ́n ti gba kútẹ́ẹ̀sì lọ́wọ́ ìyàwó wọn, wọ́n fi sàmì sí ara míṣà, ìyẹn ẹ̀rọ tí a fi ń po gbogbo ohùn pọ̀: pupa níbi tí ohùn olórí akọrin gbọ́dọ̀ dúró, funfun fún dùùrù, àwọ̀ wúrà fún máìkì olùṣọ́. Bí iṣẹ́ bá dé, wọ́n á kàn yí bọ́tìnnì kọ̀ọ̀kan títí á fi kan àmì tirẹ̀, wọ́n á di ojú, wọ́n á mi orí, ó parí. Àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì a máa ní Ọlọ́run fúnra rẹ̀ ló kọ́ bàbá níṣẹ́.

Ṣùgbọ́n nínú gbogbo ohun tí wọ́n ní, wáyà pupa kan ni wọ́n fẹ́ràn jù. Ẹ̀yìn míṣà ló ti máa ń lọ sí ámpù, ẹ̀rọ tó ń fún ohùn lágbára kó tó dé sípíkà. Ó nípọn tó ìka àárín mi, ara rẹ̀ sì rọ̀ bí awọ. Wọ́n ní ọwọ́ ọkùnrin kan tó ń kó ẹrù wọ̀lú ni àwọn ti rà á kí wọ́n tó bí mi. "Ohùn kì í kọsẹ̀ nínú wáyà yìí," bẹ́ẹ̀ ni wọ́n máa ń wí. A kò gbọdọ̀ dá a kọjá. Bí o bá fẹ́ lọ sí òdìkejì, ńṣe ni wàá rìn yí i ká, àfi bí ẹni pé ẹsẹ̀ àgbà kan ló nà sílẹ̀ níbẹ̀. Bí a bá ṣíwọ́ iṣẹ́, a ó ká a, ìká kan síwájú, ìká kan sẹ́yìn, kó má baà lọ́, wọ́n á sì fi àkísà nù ún láti orí dé orí. Ní odidi ọdún àkọ́kọ́ tí mo fi kọ́ṣẹ́, iṣẹ́ mi kò ju wáyà kíká lọ. Wọ́n gbá mi létí lẹ́ẹ̀kan nítorí pé mo fo wáyà pupa náà. Inú bí mi lọ́jọ́ yẹn, ṣùgbọ́n títí di bí mo ṣe ń bá ọ sọ̀rọ̀ yìí, mi ò lè dá wáyà kankan kọjá.

Polí ló kó ìgbéraga wọ̀ mí lórí. Olùkọ́ kan níbẹ̀ sọ fún wa pé bí wáyà bá ṣáà ti pé, tí kò já, tí ẹnu rẹ̀ mú dáadáa, tí ó sì nípọn tó fún iṣẹ́ rẹ̀, kò sí etí tó lè mọ ìyàtọ̀ láàárín olówó ńlá àti ti ọjà. Ó ní kí a fi aṣọ bo ẹ̀rọ, kí ẹnì kan máa pààrọ̀ wáyà lẹ́yìn aṣọ, kí àwọn yòókù máa sọ èyí tó ń dún. A ṣe é, kò sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n. Inú mi dùn bí ẹni tó rí owó he. Mo gbé ọ̀rọ̀ náà dé Òkukù ní gbígbóná, mo rò ó fún ọ̀gá mi lójú àwọn ọmọ iṣẹ́ wọn. Wọ́n fi ọwọ́ sẹ́yìn etí, wọ́n tẹjú mọ́ ẹnu mi títí mo fi sọ ọ́ tán, mo sì rò pé yẹ̀yẹ́ ni wọ́n ń fi mí ṣe. Wọ́n rẹ́rìn-ín. "Bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà," ni wọ́n wí, wọ́n gbé wáyà pupa sókè. "Àkísà tèmi nìyí. Ìwé lo kà, etí lèmi fi ń ṣiṣẹ́." Gbogbo ṣọ́ọ̀bù bú sẹ́rìn-ín. Èmi náà bá wọn rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ó dùn mí wọra.

Lọ́dún náà, ìgbìmọ̀ ìkórè ṣọ́ọ̀ṣì Inísà fẹ́ ra wáyà tuntun. Ọ̀gá mi ní kí wọ́n ránṣẹ́ sí Èkó, kí wọ́n wá irú èyí tó pupa yẹn. Èmi ní dúdú tó wà lọ́jà Ìkìrun ti tó. Alága ìgbìmọ̀, tíṣà kan tó ti fẹ̀yìn tì, wo èmi, ó wo ọ̀gá mi, ó ní, "Ẹ jẹ́ ká ṣe bí bàbá ṣe wí. Etí wọn la ti ń gbẹ́kẹ̀ lé láti ọjọ́ yìí wá." Ọ̀rọ̀ yẹn kò burú, ọ̀rọ̀ àpọ́nlé lásán ni. Ṣùgbọ́n ìwọ náà mọ bó ṣe máa ń rí bí ènìyàn bá jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n, tó sì ní ìwé ẹ̀rí nínú fáìlì. Mo sọ nínú ara mi pé màá fi hàn wọ́n.

Ìdánrawò orin, ní Sátidé tó ṣáájú ìkórè, ni mo yàn. Mo mú wáyà dúdú kan láti ṣọ́ọ̀bù mi, èyí tí mo fi ìkánjú jó ẹnu rẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ náà kí n tó wọ mọ́tò. Mo fi tépù pupa wé orí rẹ̀ méjèèjì, nítorí pé orí wáyà nìkan la máa ń rí lára ẹ̀rọ, ẹ̀yìn àga àwọn akọrin ni ìyókù máa ń gbà lọ. Nígbà tí ọ̀gá mi lọ kí olùṣọ́ nínú yàrá rẹ̀, mo yọ wáyà pupa, mo ká a bí wọ́n ṣe kọ́ mi, mo tì í sínú àpò mi, mo sì ki dúdú bọ ipò rẹ̀. Ète mi ni pé bí orin bá parí, tí ọ̀gá mi bá ti yin wáyà pupa wọn tán, màá fa dúdú yẹn yọ lójú gbogbo ènìyàn, màá ní, "Ẹ wò ó, ti ọjà Ìkìrun ni." Mi ò rí ìkà kankan nínú rẹ̀. Mo pè é ní eré.

Àwọn akọrin bẹ̀rẹ̀. Orin kìíní lọ geere. Ọ̀gá mi dúró ti míṣà nínú sùtánà funfun wọn, wọ́n di ojú, ọmọ ìka ẹsẹ̀ wọn ń bá orin lọ lórí sìmẹ́ǹtì. Wọ́n lajú wò mí. "O gbọ́ ọ? Ohùn ò kọsẹ̀." Ẹ̀rín fẹ́rẹ̀ẹ́ pa mí. Mo kàn ń retí kí orin kejì parí ni, àárín orin kejì náà sì ni wáyà mi bẹ̀rẹ̀ sí í ké. Ó kọ́kọ́ ń kùn bí eṣinṣin tó há sínú ìgò, nígbà tó yá, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ta tàà, tàà, títí ó fi bo ohùn olórí akọrin mọ́lẹ̀. Lẹ́ẹ̀dì tí mo fi ìkánjú jó kò mú. Ìyá kan láàárín àwọn akọrin fi ọwọ́ bo etí, ọmọbìnrin kan sì rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n wọ́n ń kọrin náà lọ, nítorí pé ọ̀gá mi ni gbogbo wọn ń wò, ọ̀gá mi sì tún ti di ojú, wọ́n ń mi orí, inú wọn ń dùn.

"Ẹ kú iṣẹ́!" ni wọ́n kígbe sí àwọn akọrin. "Ó mọ́ tónítóní lónìí!"

Ìgbà náà ni orin dáwọ́ dúró. Ọmọbìnrin tó rẹ́rìn-ín kò rẹ́rìn-ín mọ́. Ọ̀gá mi lajú, wọ́n ní kí ló dé tí wọ́n fi dúró. Olórí akọrin, obìnrin kan tí kì í gbé ohùn sókè àfi bó bá ń kọrin, rìn wá sí ìdí míṣà.

"Bàbá, ṣé ẹ ò gbọ́ ariwo yẹn ni?"

Ọ̀gá mi ń wo ẹnu rẹ̀. "Ariwo wo?"

Sípíkà sì ń ké lọ lórí wa, tàà, tàà. Ọ̀gá mi wò wá lójú lọ́kọ̀ọ̀kan, bí wọ́n ṣe máa ń wo lẹ́tà tí wọ́n bá fún wọn kí wọ́n tó fi lé ẹni tó mọ̀wé lọ́wọ́. Wọ́n wá kàn mí.

"Ìwọ náà gbọ́ ọ?"

"Mo gbọ́ ọ, sà."

Ibẹ̀ ló yẹ kí n ti sọ ọ́. Gbólóhùn kan péré ni: wáyà yín kọ́ nìyẹn, èmi ni mo pààrọ̀ ẹ̀. Ì bá má dá etí wọn padà, ṣùgbọ́n ì bá bu ìtìjú náà sí méjì, kí n gbé ìdajì tèmi. Dípò bẹ́ẹ̀, mo sáré bẹ̀rẹ̀, mo fa wáyà burúkú yẹn yọ láti ẹ̀yìn àga, mo tì í sínú àpò kí ọwọ́ wọn tó kàn án, mo mú wáyà dúdú kan tí ṣọ́ọ̀ṣì tọ́jú pamọ́, mo kì í bọ̀ ọ́. Ariwo dákẹ́. Olórí akọrin kọ ìlà kan, ohùn rẹ̀ jáde ketekete, gbogbo ènìyàn ní, "Ẹ̀n-ẹ́n!" Ọ̀gá mi kò gbọ́ ìyàtọ̀ kankan. Lójú wa ni wọ́n ti kà á. Wọ́n ní, "Ó ti mọ́ báyìí?" A ní ó ti mọ́, sà. Wọ́n mi orí. Wọ́n ní, "Wáyà pupa ti kú nìyẹn. Ojú mi ló ṣe kú, mi ò sì mọ̀." Wọ́n ní kí n bá àwọn jù ú nù, àwọn kò fẹ́ rí i.

Ṣé o rí i, mo jàre. Wáyà dúdú tí ṣọ́ọ̀ṣì tọ́jú yẹn kọrin gẹ́gẹ́ bí pupa ṣe ń kọ ọ́, kò sì sí ẹni tó lè mọ̀ wọ́n yàtọ̀. Láàárín gbogbo àwọn tó wà níbẹ̀, èmi nìkan ló mọ̀ pé mo jàre, kò sì sí ẹni tí mo lè sọ ọ́ fún.

Lọ́jọ́ ìkórè, ọ̀gá mi kò sún mọ́ míṣà. Wọ́n lọ jókòó láàárín àwọn àgbà, wọ́n gbé ọwọ́ lé itan. Nígbà tí alága lọ bá wọn pé ta ni yóò mójú tó ẹ̀rọ, wọ́n nawọ́ sí mi, wọ́n ní, "Kó máa ṣe é. Etí tiẹ̀ ṣì wà." Mo ṣe é. Wọ́n gbàdúrà fún mi, wọ́n ní iṣẹ́ náà ti di tèmi. Kó tó di Kérésìmesì, ọ̀gá mi ti ti ṣọ́ọ̀bù Òkukù pa. Lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ ni mo ń sọ pé màá lọ jẹ́wọ́ fún wọn, lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ náà ni nǹkan ń dí mi lọ́wọ́. Wọ́n ní àbámọ̀ ló ń gbẹ̀yìn ọ̀rọ̀. Tèmi kò dúró dìgbà ìkẹyìn, ṣíṣí ni mo ń ṣí ṣọ́ọ̀bù láàárọ̀ tí yóò ti wọlé wá jókòó.

Òjò ti bẹ̀rẹ̀ lọ́dún kejì kí n tó dé Òkukù. Mo ra búrẹ́dì àti mílíìkì dání. Ìyàwó ọ̀gá mi jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, wọ́n ń ṣa ẹ̀gúsí, ọ̀gá mi sì wà lórí àga, ẹsẹ̀ wọn kan lé orí sípíkà àtijọ́ tó ń kọ orin ṣọ́ọ̀ṣì. Mo dọ̀bálẹ̀. Màmá fi ọwọ́ méjèèjì yí ẹnu ká lẹ́bàá etí ọ̀tún ọkọ wọn, wọ́n lọgun pé èmi ni mo dé, télọ̀ tó wà nílé kejì sì dá wọn lóhùn pé, "Ẹ bá wa kí i o!" Báyìí ni ọ̀rọ̀ ilé náà ṣe rí, ohun tó bá dé etí ọ̀gá mi ti dé etí àdúgbò.

Mo tọ́ka sí sípíkà tó wà lábẹ́ ẹsẹ̀ wọn. Màmá ní, "Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń gbọ́ ọ. Ó ti pẹ́. Ó tó ọdún mẹ́ta kí ti Inísà yẹn tó ṣẹlẹ̀ tí etí wọn ti ń lọ, èmi nìkan ni wọ́n sọ fún. Ilẹ̀ ṣọ́ọ̀ṣì yẹn ni wọ́n fi ń gbọ́ orin." Mo rántí ṣọ́ọ̀ṣì ńlá kan ní Ìkìrun, tí wọ́n tẹ́ kápẹ́ẹ̀tì sí láti ẹnu ọ̀nà dé pẹpẹ, tó bẹ ọ̀gá mi níṣẹ́ títí, tí wọ́n kọ̀. Èmi rò pé nítorí pé ṣọ́ọ̀ṣì náà kì í ṣe ti Aládùúrà ni. Màmá ń ṣa ẹ̀gúsí lọ. "Wọ́n máa ń sọ fún mi pé bí kútẹ́ẹ̀sì bá ṣì wà lára míṣà, tí wáyà pupa bá wà níbi tó ń wà, kò séwu, àwọn mọ bí gbogbo ẹ̀ ṣe máa dún. Àfi bí wáyà yẹn ṣe lọ dà wọ́n. Òun ló dùn wọ́n jù."

Màmá dìde lọ bu omi fún mi. Mo sún àpótí mi mọ́ ọ̀gá mi. Mi ò lè kọ ọ́ sí ìwé, wọn kò mọ̀wé. Mo lè pariwo ẹ̀, ṣùgbọ́n bí mo bá pariwo ẹ̀, télọ̀ á gbọ́, àwọn ọmọ iṣẹ́ télọ̀ á gbọ́, kí ọjọ́ Àìkú tó dé, àwọn akọrin Inísà á ti gbọ́. Nítorí náà, mo sọ ọ́ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ sí etí ọ̀tún yẹn. Mo ní, "Ọ̀gá, wáyà yín kọ́ ló kú. Èmi ni mo pààrọ̀ ẹ̀. Ẹ dárí jì mí." Mo mọ̀ pé wọn ò ní gbọ́ ọ. Mo fẹ́ ṣáà lè sọ fún ara mi pé mo ti sọ ọ́ ni. Ọ̀gá mi gbá mi mú léjìká, ojú wọn tàn. "Ṣé gbogbo wọn wà dáadáa?" ni wọ́n wí. "Bá mi kí wọn o."

Nígbà tí mo gbé ojú sókè, màmá ti dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn pẹ̀lú ife omi lọ́wọ́.

Wọ́n sìn mí dé títì. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ní, "Mo gbọ́ ohun tó o sọ. Ṣùgbọ́n èmi kọ́ lo ṣẹ̀. Padà wọlé, kó o pariwo ẹ̀ sí wọn. Etí ọ̀tún yẹn ṣì ń gbọ́ díẹ̀."

Mo ní, "Àwọn aládùúgbò ńkọ́, mà?"

"Ṣé ìkọ̀kọ̀ lojú ti tì wọ́n ní Inísà ni?"

Mo yíjú sí títì. Mọ́tò tó ń lọ sí Ìkìrun dé, awakọ̀ ní ó ku ẹnì kan. Mo ní mo ń bọ̀ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, mà. Mo wọlé, màmá sì dúró síbẹ̀ títí a fi yà.

Ọ̀sẹ̀ kẹta ni wọ́n fi fóònù pè mí pé ọ̀gá mi ti lọ.

Inísà ni wọ́n ti ṣe ìsìn ìkẹyìn, èmi sì ni mo ni ẹ̀rọ. Mo tètè dé kí ẹnikẹ́ni tó dé. Mo bọ́ bàtà sẹ́nu ọ̀nà, mo wọlé, òórùn tùràrí àná ṣì wà lára ògiri. Mo yọ wáyà pupa nínú àpò mi, níbi tó ti wà láti ọjọ́ ìdánrawò, ìká kan síwájú, ìká kan sẹ́yìn, bí mo ṣe ká a. Mo fi àkísà nù ún láti orí dé orí, mo sì kì í bọ ipò rẹ̀. Mo yí bọ́tìnnì kọ̀ọ̀kan dé ìdí kútẹ́ẹ̀sì rẹ̀. Bí àwa oníṣẹ́ yìí bá fẹ́ dán máìkì wò, a máa ń ka wàn, tú, títí ọkàn wa á fi balẹ̀. Mo gbé máìkì sẹ́nu, mi ò ka wàn, tú. Mo ní, "Ọ̀gá, wáyà yín kọ́ ló kú. Èmi ni mo pààrọ̀ ẹ̀."

Ó jáde láti inú sípíkà méjèèjì, ó kún ilé, sìmẹ́ǹtì sì gbọ̀n díẹ̀ lábẹ́ àtẹ́lẹsẹ̀ mi. Ẹ̀ẹ̀kan náà ni mo mọ̀ bí ó ṣe máa ń rí fún wọn, mo sì sunkún gan-an.

Àwọn ènìyàn ṣì máa ń wá bi mí ní ṣọ́ọ̀bù Ìkìrun bóyá wáyà olówó ńlá máa ń yí ohùn padà. Mo máa ń sọ òtítọ́ fún wọn: èyí tó bá pé, ọ̀kan náà ni gbogbo wọn, èyí tó bá já ló máa ń yí ohùn padà, ẹni tó bá sì jó o ló mọ ibi tó ti já. Wọ́n á dúpẹ́, wọ́n á ra dúdú, wọ́n á lọ. Mi ò sọ fún wọn pé lọ́jọ́ ìsìn ìkẹyìn yẹn, mo yọ wáyà pupa, mo ki dúdú bọ̀ ọ́, mo sì tún un sọ, nítorí pé mo fẹ́ mọ̀. Kò sí ìyàtọ̀ kankan. Ohùn mi kò kọsẹ̀ nínú èyíkéyìí nínú wọn. Mo ṣì gbé máìkì sẹ́nu nígbà tí mo gbọ́ fèrè ọkọ̀ tó ń gbé ọ̀gá mi bọ̀ láti Òkukù.